Agbábọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìntì pọ̀ ní Agége, ilé ìwé sì ń wá kóòṣì: kí ló ń dí wọn lọ́nà?

Bí ẹ bá gba àwọn pápá Agége, Ògbà àti Ìjàyè kọjá láàárọ̀ Sátidé, títí tí ẹ fi máa dé Ìkẹjà, ẹ ó rí wọn. Ọkùnrin tó ti lé ní 50 ọdún, fèrè lọ́rùn, báńdéèjì lórúnkún, ọmọ bíi 40 níwájú ẹ̀. "Kóòṣì" ni àwọn ọmọ ń pè é. Àwọn àgbà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá á ní kí ẹ má fojú di bàbá yẹn o, pé ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa nígbà tiẹ̀. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé bàbá yìí kò gba owó oṣù kankan lórí iṣẹ́ náà, àti pé ilé ìwé tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń lọ kò mọ̀ ọ́n rárá.

Ẹ wá wọ inú ilé ìwé fúnra ẹ̀. Tíṣà kan ṣoṣo ló ń kọ́ gbogbo kíláàsì ní ẹ̀kọ́ ìlera àti eré ìdárayá. Òun náà ló ń máàkì ìwé ìdánwò, òun náà ni wọ́n á tún ní kó kó àwọn ọmọ jọ tí ìdíje bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù wà níta, iṣẹ́ bọ́ọ̀lù wà nínú, ògiri wà láàárín wọn. Ògiri yẹn ni mo fẹ́ ká jọ wò lónìí.

Ìròyìn kan láti Amẹ́ríkà ló jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ yìí gbé yẹ̀ wò. Ní December 2024, yunifásítì méjì tó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú, Norfolk State àti Delaware State, gba Michael Vick àti DeSean Jackson síṣẹ́ kóòṣì. Bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ tiwọn lọ́hùn-ún ni àwọn méjèèjì gbá, kì í ṣe tiwa yìí. Àwọn kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Deion Sanders ti lọ sí Jackson State ní 2020. Láàárín sáà mẹ́ta, wọ́n borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 27, wọ́n pàdánù 6 péré. Nǹkan bíi $300,000 lọ́dún ni wọ́n ń san fún un níbẹ̀. Nígbà tó yá, Colorado wá mú un lọ, ní 2025 wọ́n sì fún un ní àdéhùn ọdún márùn-ún tí iye ẹ̀ jẹ́ $54 mílíọ̀nù.

Ẹ má jẹ́ kí owó yẹn pa yín lójú dé. Kò sí ilé ìwé kankan ní Nàìjíríà tó fẹ́ san irú ẹ̀, kò sì yẹ kó san án. Ohun tó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé lọ́hùn-ún, iṣẹ́ kóòṣì jẹ́ ipò nínú ilé ìwé. Ó ní owó oṣù, ó ní ọ́fíìsì, ó ní ọ̀gá tó ń bi í ní ìbéèrè. Bí Sanders ṣe kúrò ní Jackson, àga ẹ̀ kò kúrò. Ẹlòmíràn jókòó sí i. Níbí ńkọ́? Tí kóòṣì wa bá ṣàìsàn ọ̀sẹ̀ kan, eré ìdárayá parí nìyẹn.

Ká tó lọ jìnnà, "kọ́lẹ́ẹ̀jì" ní ìtumọ̀ méjì lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan ni ilé ìwé girama. Èkejì ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga: pólì, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ àti yunifásítì. Ọ̀rọ̀ mi kan méjèèjì, àmọ́ ilé ìwé girama ló jù, torí ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ti hù jáde.

Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nípa St. Finbarr's College ní Àkókà. Fáda Denis Slattery, àlùfáà ará Ireland tó tún jẹ́ rẹfirí, ló dá a sílẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ìwé, bọ́ọ̀lù àti ìbáwí ni wọ́n fi mọ ilé ìwé yẹn. Stephen Keshi kọjá níbẹ̀, Henry Nwosu kọjá níbẹ̀, Nduka Ugbade náà kọjá níbẹ̀. Ugbade ló jẹ́ kápútẹ́nì àwọn ọmọ wa tó gba ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́mọdé ní China ní 1985. Lẹ́yìn náà, ó di kóòṣì, òun ló sì kó Golden Eaglets lọ sí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní 2023. Ẹ ò rí i pé ọmọ ilé ìwé di agbábọ́ọ̀lù, agbábọ́ọ̀lù sì padà wá kọ́ àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ti ọmọ ilé ìwé. Bó ṣe yẹ kó máa yí po nìyẹn.

Kí ló wá já okùn náà? Lójú tèmi, ibi iṣẹ́ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí pápá.

Láyé àwọn bàbá wa, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ náà: NEPA, Ports Authority, ACB, Bendel Insurance, Julius Berger, Leventis United, Stationery Stores. Orúkọ yẹn fúnra ẹ̀ ti sọ ibi tí owó ti ń wá. Lọ́pọ̀ irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kò bá gbé e mọ́ lórí pápá lè padà sídìí tábìlì, kó ṣiṣẹ́ títí tó fi máa gba owó ìfẹ̀yìntì. Kò ní láti di kóòṣì bí kò bá wù ú. Ẹni tó wù nìkan ló ń ṣe é.

Nǹkan wá yí padà. Leventis United gba líìgì ní 1986, kò pẹ́ sígbà náà tí ilé iṣẹ́ yẹn fi yọwọ́ nínú bọ́ọ̀lù. Stationery Stores gba líìgì ní 1992. Julius Berger gba á ní 1991 àti 2000. Lónìí, ẹ lọ wá orúkọ wọn nínú NPFL, ẹ ò ní rí i. Àwọn ilé iṣẹ́ adúgbò wa gan-an náà ń dín kù. Dunlop tó ń ṣe táyà ní Ìkẹjà ti ṣíwọ́ iṣẹ́ yẹn láti 2008. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba Ọba Akran kọjá báyìí, ilé ìkẹ́rùsí àti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń rí níbi tí ẹ̀rọ ti ń dún tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó gba ipò wọn nínú bọ́ọ̀lù ni ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn olówó àti ìjọ. MFM FC, ẹgbẹ́ ìjọ Mountain of Fire, fi pápá ìṣeré Agége ṣe ilé. Wọ́n ṣe ipò kejì nínú líìgì 2016/17, wọ́n sì gbá ìdíje CAF Champions League ní 2018. Gbogbo wa la jáde lọ wò wọ́n. Ní òpin sáà 2021/22, wọ́n já bọ́ kúrò nínú NPFL. Tí ẹgbẹ́ kan bá já bọ́ báyìí, kì í ṣe tábìlì líìgì nìkan ló ń yí padà. Ogún àti díẹ̀ ọkùnrin ni yóò máa ronú ibi tí wọ́n máa lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Iṣẹ́ kóòṣì wá di ibi tí gbogbo èèyàn ń sá lọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ibí yìí ni ògiri tí mo sọ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ìjọba tó lè gbà yín síṣẹ́ tíṣà, ó kéré tán, ẹ gbọ́dọ̀ ní NCE, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 16 tàbí 17, nígbà tí ẹgbẹ́ kan ní kó wá. Wọn ò kọ WAEC, ká má tiẹ̀ sọ NCE. Ní ti bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀, láísẹ́ǹsì CAF wà ní ìpele-ìpele: D, C, B, A, kó tó kan Pro. Àti láísẹ́ǹsì yìí o, àti NCE o, owó àti àkókò ni méjèèjì ń jẹ. Ẹni tó ní láísẹ́ǹsì, ilé ìwé ìjọba lè sọ fún un pé òun ò ní ipò kóòṣì, tíṣà lòun ń gbà. Ẹni tó ní NCE, ó lè má tíì fọwọ́ kan láísẹ́ǹsì rí. Bàbá tó wà lórí pápá wa kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Àmọ́ òun ni àwọn ọmọ mọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ẹ yé dààmú èèyàn jàre, ṣé ìwé ẹ̀rí ló ń gbá bọ́ọ̀lù ni?" Rárá, kì í gbá a. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ̀ ọ́n gbá, ọ̀tọ̀ ni kó mọ̀ ọ́n kọ́ ọmọdé. Ẹ wo bàbá Adégbóyè Onígbìndé, ará Modákẹ́kẹ́. Iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, orúkọ agbábọ́ọ̀lù ńlá kọ́ ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Síbẹ̀, àwọn ló kó ẹgbẹ́ wa dé àṣekágbá ife Áfíríkà ní 1984, àwọn ló tún kó Super Eagles lọ sí ife àgbáyé 2002. Ìmọ̀ ìkọ́ni wà lọ́tọ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ara ọmọdé. Ní 2015, àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní kí ọmọ tó bá jẹ́ ọdún 10 tàbí tó kéré sí i má fi orí gbá bọ́ọ̀lù mọ́, nítorí ọpọlọ wọn. Kóòṣì tí kò lọ sí kọ́ọ̀sì kankan láti 1995 lè má gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Yóò máa fi bọ́ọ̀lù lu àwọn ọmọ lórí bí wọ́n ṣe fi lu tiẹ̀. Yóò ní kí wọ́n sáré nínú oòrùn ọ̀sán láìmu omi, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún òun náà. Kì í ṣe ìkà, ohun tó mọ̀ ló ń ṣe.

Nítorí náà, mi ò sọ pé kí wọ́n wó ògiri náà lulẹ̀. Ilẹ̀kùn ni mo ní kí wọ́n ṣí sí i.

Ẹnì kan tó ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀ ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Àwa ará pólì kì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé pé The Polytechnic, Ìbàdàn ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars. Ó wà nínú ẹgbẹ́ tó gba ife Áfíríkà ní 1980, góólù méjì ló jẹ nínú àṣekágbá tí a fi 3-0 na Algeria. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì, kò dúró kí ilé ìwé kan gba òun. Ó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tiẹ̀ sílẹ̀ ní Wásinmi Òrílé, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ọmọ ti ń kàwé tó sì ń kọ́ eré ìdárayá nínú ọgbà kan náà. Ọ̀nà náà dára. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ló lè dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀? A ò lè fi ọ̀nà ẹnì kan ṣe títì fún gbogbo ìlú.

Ohun tó wà lọ́wọ́ gbogbo wọn láti fara wé ni ìwé tó kà nígbà tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù. Adokiye Amiesimaka tí wọ́n jọ gba ife 1980 náà kọ́ ìmọ̀ òfin ní Unilag, ó sì di kọmíṣánnà fún ètò ìdájọ́ ní Rivers. Thompson Usiyan lọ sí Appalachian State ní Amẹ́ríkà, ó jẹ góólù 109 níbẹ̀. Mercy Akide gbá bọ́ọ̀lù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Milligan, ó sì di ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù ní ìpínlẹ̀ Virginia. Florence Ọmágbẹ̀mí náà kọjá ní Campbellsville ní Kentucky, òun ló sì jẹ́ kóòṣì Super Falcons nígbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní 2016. Keshi gan-an, Amẹ́ríkà ló lọ nígbà tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ ń lọ sópin láti kọ́ iṣẹ́ kóòṣì. Ní 2013, ó gba ife tó ti gbà ní 1994 nígbà tó jẹ́ kápútẹ́nì. Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó kàn jí lọ́jọ́ kan tó ní òun ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nítorí pé òun gbá bọ́ọ̀lù.

Ó yẹ ká sọ̀rọ̀ owó. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba Èkó kéde ní 2024 jẹ́ ₦85,000. Tí ẹ bá fi ìyẹn san kóòṣì kan, ₦1,020,000 ni lọ́dún kan. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ₦200 mílíọ̀nù nígbà tí wọ́n gba líìgì 2024/25. Owó yẹn nìkan yóò san owó oṣù kóòṣì 196 fún ọdún kan gbáko. Mi ò sọ pé kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ Remo Stars o, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tí à ń sọ kò tó ohun tí ìjọba lè ní òun ò ní.

Agége, Ìfàkọ̀-Ìjàyè àti Alimọ̀ṣọ́ wà lábẹ́ Education District I, tí ọ́fíìsì ẹ̀ wà ní Dairy Farm níbí. Ìkẹjà wà lábẹ́ District VI. Kò di dandan kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní kóòṣì tiẹ̀. District lè gba kóòṣì kan fún ilé ìwé mẹ́ta tó wà nítòsí ara wọn, kó máa yí wọn ká láàárín ọ̀sẹ̀. Tíṣà á ṣì jẹ́ ọ̀gá nínú kíláàsì, kóòṣì á wà lórí pápá lábẹ́ ẹ̀. Kóòṣì á kọ́kọ́ ní láísẹ́ǹsì D, wọ́n á fún un ní ọdún mélòó kan kó fi wá ìwé tó kù. National Institute for Sports wà ní Sùúrùlérè tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ kóòṣì. Yunifásítì ẹ̀kọ́ ìkọ́ni ti ìpínlẹ̀ Èkó, LASUED, ti wà láti 2022. Ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ kò jìnnà, ẹni tó máa so wọ́n pọ̀ ni kò sí.

Owó tún wà níbì kan tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé kò mọ̀. Òfin FIFA ní kí wọ́n yọ 5% nínú owó tí wọ́n fi ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, kí wọ́n pín in fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ẹ wo Victor Osimhen, ọmọ Olúṣosùn tiwa yìí, nítòsí Ọjọ́ta. Galatasaray rà á ní €75 mílíọ̀nù ní 2025. 5% nínú ẹ̀ jẹ́ €3.75 mílíọ̀nù. Ọdún kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ kan bá fi tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní ọdún 12 sí 15 lè mú €187,500 wá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀, tó sì ní àkọsílẹ̀ ọmọ náà, ló lè béèrè. Ilé ìwé tí kò ní ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀, tí kóòṣì ẹ̀ kò kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ níbì kankan, ọwọ́ ló máa fi lérán. Osimhen kì í wọ́pọ̀, mo mọ̀. Àmọ́ bí àkọsílẹ̀ bá wà, owó kékeré náà á máa wọlé.

Níbi tí àkọsílẹ̀ kò sí, ohun mìíràn ló ń gba ipò ẹ̀. Kóòṣì tí kò gba owó oṣù ní láti jẹun. Nítorí náà, ó lè di aṣojú àwọn ọmọ, kó máa gba owó lọ́wọ́ òbí fún "trials" tí kò sí. Ó lè kó ọmọ ọdún 19 sínú ìdíje ọmọ ọdún 15 torí pé ife ló máa jẹ́ kí wọ́n rí òun. Èyí tó tún burú jù ni pé kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ́ kó wà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ èèyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ kọ́ ló yẹ kó fi ara ẹ̀ dán ìyókù wò. Tí ilé ìwé bá gba kóòṣì síṣẹ́, wọ́n á mọ ilé ẹ̀, wọ́n á mọ onídùúró ẹ̀, wọ́n á lè pè é kó wá ṣàlàyé ara ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, láti orí mọ́ńkí pósìtì títí dé NNL, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ kọ WAEC yín nísinsìnyí tí orúnkún ṣì dá. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè gba láísẹ́ǹsì D kí ẹ tó pé 30. Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò tàbí ọmọ lórí pápá, bí kóòṣì bá ti fun fèrè ìparí lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ lọ kí i, kí ẹ sì bi í ní ohun mẹ́ta: láísẹ́ǹsì wo lẹ ní, ta ló mọ̀ pé ẹ wà níbí, níbo lẹ kọ orúkọ ọmọ wa sí? Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n o, àgbà ni wọ́n. Tí wọn ò bá rí ìdáhùn kankan fún yín, ẹ mú wọn lọ bá ọ̀gá ilé ìwé náà, kí ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì mọ ara wọn. Ó lè jẹ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní adúgbò kan náà, wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí.